Aṣọ́gbó Ni Ogun Kọ́kọ́ Ń Lé: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Dé Bá Igbó àti Ẹranko Nígbà Ogun àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀, òkú èèyàn la kọ́kọ́ máa ń kà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà la ó ka ilé tó jóná, afárá tó wó, ogunléńdé tó sá kọjá ibodè. Ó máa ń pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igbó tí wọ́n ti jà, sí odò tí epo dà sí, sí erin àti ẹfọ̀n tó ń jẹ̀ níbẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn tó fẹ́ràn ẹranko nìkan. Àgbẹ̀, apẹja, ọdẹ àti darandaran tó ń gbé létí igbó ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára bí ogun bá tán tí ilẹ̀ náà kò sì lè bọ́ wọn mọ́.

Bí a bá gbé ohun tí àwọn onímọ̀, ilé ẹjọ́ àti àwọn tó ń ṣọ́ igbó fúnra wọn ti sọ sórí ìwọ̀n, ibi tí mo fàbọ̀ sí rèé: ọta ìbọn kọ́ ló ń ba igbó jẹ́ jù. Ogun a kọ́kọ́ lé ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ, ọjà a sì wọlé gba ipò rẹ̀. Níbi tí aṣọ́gbó bá ti dúró, tàbí tó tètè padà, igbó àti ẹranko a máa ṣẹ́ kù. Níbi tí kò bá ti sí, àdéhùn àlàáfíà pàápàá kì í gbà wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó

Ní 2009, Thor Hanson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Conservation Biology. Wọ́n wo àwọn ogun ńláńlá tó jà láyé láàárín 1950 sí 2000, wọ́n sì rí i pé èyí tó ju ìdá 80 nínú 100 lọ ló jà ní àwọn agbègbè díẹ̀ tí ewéko àti ẹranko tí kò sí níbòmíràn pọ̀ sí jù. Ibi tí Ọlọ́run kó ọrọ̀ igbó sí gan-an ni ọmọ èèyàn ti ń yìnbọn jù. Ní 2018, Joshua Daskin àti Robert Pringle gbé tiwọn jáde nínú Nature, lórí ilẹ̀ Áfíríkà nìkan. Láàárín 1946 sí 2010, ogun kan èyí tó ju ìdá 70 nínú 100 lọ nínú àwọn ibi ìpamọ́ ẹranko ilẹ̀ wa. Wọ́n gbé ogun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dá, iye èèyàn tó ń gbé nítòsí àti àwọn nǹkan mìíràn. Ogun ló hàn jù lọ nínú ohun tó ń dín àwọn ẹranko ńlá tó ń jẹ koríko kù. Kò sì dìgbà tí ogun náà bá gbóná. Kó ṣáà máa wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ìwádìí kan náà tún sọ ohun kan tó yẹ ká dì mú: ó ṣọ̀wọ́n kí ogun pa ẹranko run ráúráú níbì kan. Díẹ̀ sábà máa ń kù, orí díẹ̀ yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe dúró lé.

Àwọn ogun kan wà tó dìídì dojú kọ ilẹ̀. Ní Vietnam, láàárín 1962 sí 1971, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà da oògùn apagi tó lé ní 70 mílíọ̀nù lítà sórí igbó àti oko, kí ọ̀tá má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ní Kùwéètì, àwọn ọmọ ogun Ìráàkì tó ń sá padà lọ ní 1991 fi iná sí kànga epo tó lé ní 600; oṣù November ọdún náà ni wọ́n tó pa èyí tó kẹ́yìn. Irú ìwà bẹ́ẹ̀ burú, gbogbo ayé sì rí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ogun ilẹ̀ Áfíríkà, kò sẹ́ni tó kéde pé igbó lòun ń bá jà. Ebi, òwò àti àìsí òfin ló ń ṣe é, ojú kì í sì í tètè tó o.

Gorongosa: ogun tó wọ inú ara erin

Àárín gbùngbùn Mòsáńbíìkì ni páàkì Gorongosa wà. Ìjọba Pọtogí ló sọ ọ́ di páàkì ní 1960. Kí ogun tó dé, erin ibẹ̀ lé ní 2,000, ẹfọ̀n lé ní 10,000. Ní 1977 ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ láàárín ìjọba Frelimo àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ Renamo, tí wọ́n fi ẹ̀bá òkè Gorongosa ṣe ibùdó. Ní December 1981, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu Chitengo, níbi tí ọ́fíìsì páàkì wà. Nígbà tó fi di 1983, wọ́n ti ti páàkì náà pa, àwọn aṣọ́gbó sì ti tú ká. Láti ìgbà náà lọ, tọ̀tún tòsì ló ń pa ẹranko jẹ, wọ́n sì ń fi eyín erin wá owó ohun ìjà. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1992, èyí tó lé ní ìdá 90 nínú 100 àwọn ẹranko ńlá ibẹ̀ ti lọ. Ẹfọ̀n tó kù kò pé 100. Àlàáfíà dé, ìpakúpa ẹranko kò dá. Àwọn tó ń pa ẹran tà rọ́ wọlé láti ìlú, torí ìbọn pọ̀ nílẹ̀, ọ̀nà ti là, aṣọ́gbó kò sì tíì padà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn erin ibẹ̀ dáadáa. Kí ogun tó dé, nínú 100 abo erin Gorongosa, nǹkan bí 18 ni kò ní eyín gígùn. Lẹ́yìn ogun, ó ti tó ìdajì. Ẹnikẹ́ni kò gé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí wọn. Shane Campbell-Staton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú Science ní 2021. Eyín ni àwọn apẹran ń wá, nítorí náà erin tí kò ní in ló yè, òun ló sì bímọ. Lára ìyá ni àbùdá yìí ti ń wá. Abo tó bá jogún rẹ̀ a wà láàyè láìléyín. Akọ tó bá jogún rẹ̀, inú ìyá ló sábà máa ń kú sí. Eyín yìí sì ni erin fi ń walẹ̀ wá omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, òun ló fi ń bó èèpo igi jẹ. Ọdún 15 ni wọ́n fi ja ogun náà. Ó ti lé ní 30 ọdún tó ti parí, àwọn abo erin tí kò léyín sì ṣì ń bí irú ara wọn.

Iṣẹ́ àtúnṣe ibẹ̀ yẹ ní kíkà pẹ̀lú. Ní 2008, ìjọba Mòsáńbíìkì bá àjọ tí Greg Carr, olówó ará Amẹ́ríkà kan, dá sílẹ̀ ṣe àdéhùn 20 ọdún láti jọ máa bójú tó páàkì náà. Ní 2018 wọ́n tún fi 25 ọdún lé e. Ọmọ abúlé àyíká ni wọ́n gbà síṣẹ́ aṣọ́gbó, àwọn tó sì ti bá ara wọn jà lábẹ́ Frelimo àti Renamo wà lára wọn. Wọ́n ń hú pàkúté irin àti okùn kúrò nínú igbó, wọ́n kó ẹfọ̀n wá láti Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n mú ìtọ́jú ìlera dé abúlé, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì bá àwọn àgbẹ̀ gbin kọfí sórí òkè tí wọ́n ti gé igi rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ẹranko láti ojú òfúrufú ní 2018, àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn ẹranko tó ń jẹ koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àtijọ́. Àmọ́ kì í ṣe àwọn ẹranko kan náà. Ẹranko oníwo kan tó jọ àgbọ̀nrín, tó fẹ́ràn etídò, ti lé ní 55,000, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo wọn, nígbà tí erin, ẹfọ̀n àti erinmi ṣì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó ti bọ́ kì í padà bó ṣe wà. Síbẹ̀, nígbà tí Ààrẹ Filipe Nyusi àti Ossufo Momade, olórí Renamo, fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé ìjà ti parí, ní 1 August 2019, inú páàkì yìí ni wọ́n ti ṣe é.

Virunga: níbi tí aṣọ́gbó kò ti kúrò

Ní ìlà oòrùn Kóńgò, ọ̀rọ̀ yí padà. Virunga ni páàkì ìjọba tó pẹ́ jù ní Áfíríkà. 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpakúpa Rùwáńdà ní 1994, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ogunléńdé dó sí àyíká Goma, létí páàkì náà gan-an. Kò sí gáàsì, kò sí kẹrosíìnì, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ jinná. Igi páàkì ni wọ́n gé. Láti ìgbà náà ni èédú ti di òwò tí kò kú níbẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ ológun ń gba owó orí àpò kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Erinmi tó lé ní 25,000 ní àwọn ọdún 1970 kù tí kò pé 1,000 nígbà tí ọdún 2005 fi dé, torí ẹran àti eyín wọn.

Ní July 2007, wọ́n yìnbọn pa àwọn gòrílà kan níbẹ̀, Senkwekwe, baba agbo náà, sì wà lára wọn. Ẹni tó pa wọ́n kò gbé ẹran lọ, kò mú awọ. Àwọn tó ṣèwádìí so ó mọ́ òwò èédú, torí àwọn aṣọ́gbó ti ń dí ọ̀nà rẹ̀. Àwòrán àwọn ará abúlé tó gbé òkú gòrílà náà lérí igi, tí wọ́n ń rìn la inú koríko kọjá, tàn káàkiri ayé. Èèyàn sì ti kú níbẹ̀ ju gòrílà lọ. Aṣọ́gbó tó lé ní 200 ló ti kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Virunga. Ní April 2020 nìkan, 12 lára wọn kú nínú ìkọlù kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, gòrílà orí òkè kò run. Wọ́n ń pọ̀ sí i ni. Kíkà tí wọ́n kéde lẹ́yìn 2018 fi hàn pé wọ́n ti tó 1,063 ní Kóńgò, Rùwáńdà àti Ùgáńdà. Ní ọdún 2018 yẹn ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ẹranko, mú wọn kúrò nínú àwọn tó wà létí ìparun pátápátá. Ohun tó fà á kò ṣòro láti rí. Aṣọ́gbó ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kódà nígbà tí ìjọba wọn ń bínú síra wọn. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Laurent Nkunda gba apá ibi tí gòrílà ń gbé, olùdarí páàkì, Emmanuel de Merode, lọ bá wọn jókòó ní òpin 2008, kí àwọn aṣọ́gbó lè padà síṣẹ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ní Rùwáńdà, láti 2017, ìdá 10 nínú 100 owó tí àwọn arìnrìn-àjò ń san ní àwọn páàkì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò. Ẹni tí igbó ń bọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n sun ún.

Garamba, ní àríwá ìlà oòrùn Kóńgò kan náà, fi òdìkejì rẹ̀ hàn. Àgbáǹréré funfun ti àríwá tó wà níbẹ̀ ní 2003 jẹ́ nǹkan bí 30. Àwọn ọlọ́ṣà ológun láti Sùdáànì ń wọlé, àwọn aṣọ́gbó kò sì ní agbára láti dá wọn dúró. Lónìí, kò sí ẹyọ kan nínú igbó mọ́. Akọ tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Sudan, kú ní Kẹ́ńyà ní March 2018. Abo méjì péré ló kù láyé.

Olówó tó ń rà á

Kò sí ọlọ̀tẹ̀ tó ń jẹ gẹdú. Ẹni tó ń ra gẹdú lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ogun. Ní Làìbéríà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ jagun lábẹ́ ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn kan kò sì padà wálé, gẹdú wà lára ohun tí Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó padà di ààrẹ ibẹ̀, fi ń wówó. Ní May 2003, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fòfin de ríra gẹdú Làìbéríà. Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf gorí àlééfà ní 2006, ó fagi lé gbogbo ìwé àṣẹ gígé igi tó wà nílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi lè ká òfin náà kúrò. Ní 2017, ilé ẹjọ́ Nẹ́dálándì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 19 fún Guus Kouwenhoven, oníṣòwò gẹdú, nítorí ipa tó kó nínú ogun Taylor. Ìjọba pẹ̀lú kò mọ́wọ́ kúrò nínú irú òwò yìí: ìgbìmọ̀ Kumleben ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn ní 1996 pé àwọn ológun ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kó ẹnu sí fífi eyín erin àti ìwo àgbáǹréré Àngólà àti Mòsáńbíìkì ṣòwò.

Ohun tí òfin lè ṣe àti ibi tí kò dé

Àfikún àdéhùn Geneva ti 1977 ka bíba àyíká jẹ́ nígbà ogun léèwọ̀, bí ìpalára rẹ̀ bá gbilẹ̀, tó máa pẹ́ títí, tó sì le gidigidi. Ó gbọ́dọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Rome tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀ ka a sí ẹ̀ṣẹ̀ ogun, ṣùgbọ́n bí ogun bá jẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn nìkan. Ogun abẹ́lé, irú èyí tó jẹ Gorongosa run, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo ńlá nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n dí i. Ní 2022, Ìgbìmọ̀ Òfin Àgbáyé gbé ìlànà 27 jáde tó kárí ìgbà tí ogun kò tíì dé, ìgbà tó ń jà, ìgbà tó parí, àti ilẹ̀ tí ọmọ ogun àjèjì bá jókòó lé. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin tó ní pàṣán lọ́wọ́, àmọ́ ìjọba tó bá fẹ́ lè mú un lò lónìí.

Owó gbà-máà-bínú náà ti di òótọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìráàkì parí sísan $52.4 bílíọ̀nù ní 2022 fún ohun tó bàjẹ́ nínú ogun Kùwéètì, owó àyíká sì wà nínú rẹ̀. Ní February ọdún kan náà, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague pàṣẹ pé kí Ùgáńdà san $325 mílíọ̀nù fún Kóńgò, $60 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ fún wúrà, igi, ẹranko àti ohun àmúṣọrọ̀ mìíràn tí wọ́n kó lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kóńgò béèrè owó lórí igbó tí wọ́n pa run, ilé ẹjọ́ kò fún un, nítorí ẹ̀rí kò tó. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rọrùn: orílẹ̀-èdè tí kò bá ka igi àti ẹranko rẹ̀ nígbà àlàáfíà kò ní lè fi ẹnu rẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lẹ́yìn ogun.

Nígbà tí ìbọn bá dákẹ́

Àwọn kan ń sọ pé ogun a máa dáàbò bo igbó, torí ẹ̀rù kì í jẹ́ kí agégi àti awakùsà wọ̀ ọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Kòlóńbíà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ FARC ló ń sọ ẹni tó lè gé igi ní ọ̀pọ̀ igbó Amazon. Nígbà tí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀ lẹ́yìn àdéhùn 2016, ìjọba kò tètè dé ibẹ̀. Àwọn tó ń gba ilẹ̀ fún màlúù ló dé. Igbó tí wọ́n pa run ní orílẹ̀-èdè náà fò láti nǹkan bí 178,000 hẹ́kítà ní 2016 sí nǹkan bí 220,000 ní 2017. Ní Gúúsù Sùdáànì, kíkà láti ojú òfúrufú ní 2023 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín ṣì ń ṣí kiri níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ogun. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ àwọn ẹranko náà kò tíì bọ́. Ọ̀nà, epo àti ìbọn olówó pọ́ọ́kú ń dúró de àlàáfíà wọn. Ọdún méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ogun léwu fún igbó ju ogun fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ àdéhùn àlàáfíà kọ ọ̀rọ̀ igbó sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Nítòsí wa

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀kùn wa. Igbó Sambisa ní Borno, tí ayé mọ̀ sí ibùdó Boko Haram, ibi ìpamọ́ ẹranko ni rí. Páàkì W àti Pendjari, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú apá tiwọn ní Burkina Faso àti Niger, ni èyí tó pọ̀ jù nínú kìnnìún tó kù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń gbé. Ní May 2019, wọ́n pa afinimọ̀nà kan ní Pendjari, wọ́n sì jí àlejò méjì gbé. Ní February 2022, bọ́ǹbù àti ìbọn pa àwọn aṣọ́gbó ní páàkì W. Ní April 2025, ìjọba Benin sọ pé ọmọ ogun 54 ló kú ní agbègbè náà. Ní Nàìjíríà, páàkì Kainji tó wà ní ìpínlẹ̀ Niger àti Kwara, lórí ilẹ̀ Borgu tó bá ti Benin pààlà, ni ìjọba dárúkọ ní August 2025 nígbà tó ń kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn olórí agbésùnmọ̀mí kan. Láti Kainji sí igbó páàkì Ọ̀yọ́ Ilé kò jìnnà.

Ohun tí Gorongosa àti Virunga kọ́ wa kò ju agbára wa lọ. Aṣọ́gbó gbọ́dọ̀ gba owó oṣù rẹ̀ lásìkò, kí ìdílé rẹ̀ sì rí owó gbà bó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ abúlé etí igbó, ọdẹ àti darandaran gbọ́dọ̀ rí èrè nínú igbó náà, torí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí àlejò tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi sójà rọ́pò aṣọ́gbó pátápátá. Sójà mọ ọ̀tá, aṣọ́gbó mọ igbó. Ẹ ka ẹranko àti igi ní báyìí, kí ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ síbi tí iná ogun kò ní dé. Kí àwa tí a ń rà sì béèrè ibi tí gẹdú, èédú, wúrà àti ẹran ìgbẹ́ tí a ń nájà rẹ̀ ti wá.

Mo bẹ àwọn gómìnà Ọ̀yọ́, Kwara, Ògùn àti Òǹdó, àwọn aṣòfin wa àti àwọn ọba tí ilẹ̀ wọn bá igbó pààlà: ẹ fi owó aṣọ́gbó sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ààbò ọdún yìí. Bí aṣọ́gbó bá ti sá tán, ẹgbẹ̀rún sójà kò lè dá ohun tó bọ́ padà.